Ilé Màámi ní 2050

Gbogbo àdúgbò wa l'Ábẹ́òkúta ló mọ̀ pé iléeṣẹ́ iná ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Màámi ló sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún Màámi títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Mo ní kọ̀ńpútà la fi ń wo bí ayé yóò ṣe rí ní ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún sí ìsinsìnyí: irú iná táwọn èèyàn yóò máa lò, bí ooru yóò ṣe mú tó, bí òjò yóò ṣe máa rọ̀, àti ibi tí òfin tí ìjọba bá ṣe lónìí yóò gbé wa dé. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ gígùn kúrú. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Iná ni mo gbọ́ níbẹ̀."

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, aládùúgbò kan á yọrí lójú fèrèsé: "Màmá, ẹ bá wa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o!" Bí iná bá dé, wọ́n á ní kí Màámi bá àwọn kí mi. Bí mo ṣe di ẹni tó ń gba oríyìn fún iná tí n kò tàn nìyẹn, tí mo tún ń jẹ̀bi òkùnkùn tí n kò dá sílẹ̀. Mo bẹ Màámi pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún wọn dáadáa. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, pé nítorí mi làwọn èèyàn ṣe ń jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbí. Gbogbo èèyàn ló ti fi òtútù Chicago halẹ̀ mọ́ mi kí n tó wá, nígbà tó sì dé, mo kí i bí ẹni tí mo ti ń gbúròó rẹ̀ tipẹ́. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni bí àwọn ará ọ́fíìsì wa ní Evanston, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la. Ẹnì kan á gbé kọfí sẹ́nu, á ní tó bá fi máa di 2050, gbogbo etíkun ibi báyìí á ti wà lábẹ́ omi, á sì tún gbé kọfí sẹ́nu. Kò ní sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kò ní fi ọwọ́ yí orí ká. Nílé wa, ẹni tó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà á fi Inṣa Allah tì í lẹ́yìn, búrẹ́dì ọ̀hún sì rèé, ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀.

Ọ̀gá mi ni Ellen, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán. Ọjọ́ tí mo dé ọ́fíìsì ló ti kìlọ̀ fún mi pé Ellen ni kí n máa pe òun, kí n má fi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Obìnrin tó tó ìyá mi! Mo lọ dúró níwájú dígí nílé, mo gbìyànjú rẹ̀, ẹnu mi kọ̀. Nítorí náà, odindi ìgbà òtútù kan ni n kò fi pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo máa ń lọ dúró síbi tójú rẹ̀ yóò ti bá mi, n ó wá máa wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kó tó bi mí bóyá àyà ń dùn mí. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, a wá jọ fẹnu kò sí Dókítà Ellen.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dìde láti ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún wọn, mo tọ́ka sí ìlà kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, mo ní èédú tí àwọn èèyàn ń sun láti fi pèsè iná máa dínkù gan-an kó tó di 2040, Inṣa Allah. Ó ti jáde kí n tó mọ̀. Kevin, ọ̀dọ́kùnrin tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tèmi, na ọwọ́ sókè. Ó béèrè bóyá nǹkan tá a gbà wọlé kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ ni Inṣa Allah yẹn, àbí èsì tí ìṣirò mú jáde ni.

Mo wò ó. Mo ní, "A gbà á wọlé ni. Òun ni gbogbo ìyókù dúró lé."

Ellen mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ́fíìsì kan. Kevin kò mọ ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Á wọlé láàárọ̀, á ní ọkọ̀ ojú irin tún pẹ́, Inṣa Allah. Á ní ehín ń dun òun, Inṣa Allah. N kò tún un ṣe fún un. Ọmọ ọlọ́mọ ń gbìyànjú.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀nà mẹ́ta la máa ń là kalẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: kí ìjọba rẹ̀ mú gbogbo ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kó mú díẹ̀ ṣẹ, tàbí kó má mú ìkankan ṣẹ. Wọ́n ní orúkọ gígùn gígùn fún wọn ní ọ́fíìsì. Lórí kọ̀ńpútà tèmi, Olóòótọ́, Ẹlẹ́nu-dídùn àti Mò-ń-bọ̀ ni mò ń pè wọ́n. Mò-ń-bọ̀ ni ìjọba tó kẹ́yìn sí ọ, tó ń lọ, tó sì ń sọ fún ọ pé òun ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan Ellen rí àwọn orúkọ náà, ó ní kí n túmọ̀ wọn. Nígbà tí mo túmọ̀ wọn tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ti Amẹ́ríkà náà ti ń bọ̀ láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọge.

Jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ gbé mi níyì láàárín wọn. Nínú ìṣirò tí mo bá níbẹ̀, ọjọ́ tí wáyà iná bá ti dé ilé kan ní Nàìjíríà, jẹnẹrétọ̀ ilé náà parẹ́ nìyẹn. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Kevin ní kí ló dé, ẹni tó ti ní iná, kí ló tún fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ ṣe? Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní iná. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ńlá. Wọ́n ní kékeré tí wọ́n ń tàn nígbà tí ńlá bá dákú. Wọ́n ra sólà lé e lórí, àtùpà elépo sì tún wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, nítorí wọn kò fọkàn tán ìkankan nínú gbogbo wọn. Àwọn ará ọ́fíìsì tún ìṣirò náà ṣe, orúkọ mi sì wà lára ìwé tó jáde nínú rẹ̀. Mo ya fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ sí Màámi, Màámi fi han gbogbo àdúgbò pé mo ti ń wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ iná náà.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ó máa ń ṣe mí bákan. Nínú kọ̀ńpútà wa, ibì kan ṣoṣo la ti ń ka ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, lo ti ń tan iná, ará Illinois ni ọ́. Ìlà kan wà fún àwọn tó ń ṣí láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Èmi wà nínú ìlà yẹn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé sí yàrá mi ní Skokie nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, tó jẹ́ pé fíríìjì nìkan ló ń ráhùn, mo máa ń bi ara mi pé ní 2050 tí mo mọ̀ tó báyìí, níbo ni èmi fúnra mi yóò wà? Mo lè sọ bí ooru ṣe lè mú tó ní Ṣókótó lọ́dún náà. Tèmi ni n kò lè sọ. Ó ń dùn mí, mo kàn ń fi ẹ̀rín bò ó ni.

Ẹ̀gbọ́n Múfú ni kò jẹ́ kí n ya wèrè ní Chicago. A kì í ṣe ẹbí. Bàbá wọn àti bàbá mi ló jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà l'Ábẹ́òkúta, ṣùgbọ́n níbí, ìyẹn ti tó ẹ̀jẹ̀. Apoògùn ni wọ́n, Country Club Hills ni wọ́n sì ń gbé pẹ̀lú Àǹtí Ráṣídà, ìyàwó wọn. Ibẹ̀ jìnnà sí mi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọn kò bá wá fi mọ́tò gbé mi, n kò lè dé ibẹ̀ kí oúnjẹ tó tutù. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí Ráṣídà, àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá oògùn ni wọ́n sì ń lọ tọ́jú nílé. Bí Ẹ̀gbọ́n bá wá gbé mi lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, nínú yìnyín.

"Àbúrò, get up jọ̀ọ́!" ni wọ́n máa ń pariwo. "Frostbite ò mọ respect o!"

Báyìí ni ayé ń lọ kí ọ̀rọ̀ ilé tó dé. Màámi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní ilé àyágbé ti sú àwọn, àwọn fẹ́ kọ́ ilé tiwọn sórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn létí odò Ògùn. Yàrá mẹ́rin àti pálọ̀ kan. Bíríkìlà ti wá wọn ilẹ̀. Bí Iléyá bá ti kọjá, wọ́n máa da jámánì fúlọ̀, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ kí ilé tó jókòó lé e. Bí wọ́n bá sì ti dà á, ilé ti yan ibùgbé rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó tún lè sún un.

Mo mọ ilẹ̀ náà dáadáa. Òkè rẹ̀ jẹ́ àpáta tí àwọn ewúrẹ́ ń yáàrùn lórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sún mọ́ omi, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

"Ṣé apá ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́ kọ́ ọ sí, Màámi?"

"Ibẹ̀ náà mà ni. Kí ni mo fẹ́ lọ bá ewúrẹ́ ṣe lórí àpáta?"

Ọkàn mi kò balẹ̀. Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Monday, mo ní kí Kevin bá mi yẹ ibẹ̀ wò, nítorí òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ òjò àti odò. A wo Olóòótọ́, a wo Ẹlẹ́nu-dídùn, a wo Mò-ń-bọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òjò á máa pẹ́ kó tó rọ̀, bó bá sì rọ̀, á rọ̀ bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi wọ apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Màámi. Bí omi náà ṣe máa ga tó àti bó ṣe máa tètè dé tó nìkan ló yàtọ̀. Kevin ní kí n rántí pé ìṣirò ni, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti ń ṣe irú ìṣirò yìí fún ìlú ọlọ́ìlú láti ìgbà tí mo ti dé, èmi náà sì ti ń gbé kọfí sẹ́nu lórí rẹ̀.

Mo pe Màámi. Ẹ̀rù yẹn ni kò jẹ́ kí n ronú, mo kàn sọ ọ́ jáde bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì.

"Màámi, omi máa gba ilẹ̀ yẹn. Ó lè má jẹ́ lọ́dún yìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ omi máa wọ ilé yẹn bá yín."

"Aúsùbílàhì! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹnu rẹ kọ́ la ó ti gbọ́ ọ!"

"Màámi, ìṣirò ni mo—"

"Mo bí ọ, mo rán ọ nílé ìwé, o wá jókòó sí Amẹ́ríkà, o ń gbé ilé mi ṣépè. Ilé tí n kò tíì kọ́! Ó dàbọ̀."

Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí.

Ọmọ kì í la ẹnu sọ aburú sílé ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ohun tí a kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, a kì í pè é lórúkọ, kó má baà rò pé a ń pè é wá. Nígbà tí mo sọ fún Ellen pé ìyá mi ti bínú, ó bi mí bóyá mo fi àwòrán hàn wọ́n. Mo wá fi máàpù ránṣẹ́ sí Màámi, mo fi àwọ̀ búlúù kun ibi tí omi máa dé. Wọ́n fi àwòrán ọwọ́ àdúrà dá mi lóhùn, ó kún ojú fóònù láti òkè délẹ̀. Àbúrò wọn tó wà ní Ìbàdàn fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n ń ka Kùránì lé ohunkóhun tó bá ti wọ̀ mí lára ní òkè òkun. Lemọ́mù àdúgbò wa pàápàá ní kí wọ́n sọ fún mi pé kí n máa kírun lásìkò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ẹ̀gbọ́n Múfú pè mí.

"Àbúrò, wọ́n ní o gbé ilé Màmá ṣépè. What happened?"

Sunday yẹn, wọ́n wá gbé mi. A jókòó ti iyán oníyẹ̀fun àti ẹ̀fọ́ tí Àǹtí Ráṣídà yọ nínú fírísà, mo sì ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ṣé o mọ bó o ṣe sọ̀rọ̀?" ni Ẹ̀gbọ́n ní. "Like a letter from insurance. Kò sí ẹ kú ilé, kò sí báwo lara. Just, your house will flood."

"Òótọ́ ni mo sọ, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló bi ẹ́ ní òótọ́? Ìyá ẹ nìyẹn!"

Àǹtí Ráṣídà rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí níbi iṣẹ́." Wọ́n kọjú sí mi. "Tó bá jẹ́ American family, mo máa jókòó tì wọ́n, mo máa ní, it may be a few days now. Wọ́n á sunkún, wọ́n á dì mọ́ mi, wọ́n á pe àwọn ọmọ wọn. Mo wá lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún family Yorùbá kan. Ha! Wọ́n call office wa, wọ́n ní kí wọ́n change nurse fún àwọn, pé àjẹ́ ni mí."

"Báwo lẹ wá ń ṣe é báyìí?"

"Àdúrà ni. Mo máa di Bàbá lọ́wọ́ mú, mo máa ní, Ọlọ́run á jẹ́ kí gbogbo ọmọ yín fojú rí yín kó tó di Friday. Gbogbo ilé á ṣe àmín. Before evening, everybody ti book flight."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Múfú. "Ráṣídà. O gbàdúrà last week pé kí ẹran má kill mi. Ṣé irú àdúrà yìí náà nìyẹn?"

"Ṣebí ẹ ṣe àmín," ni Àǹtí fèsì, wọ́n sì mú ẹran ńlá kan kúrò nínú abọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe ń gbé mi padà lọ sílé. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín, n kò sì mọ̀ pé ìròyìn ni mò ń gbọ́. Bí Màámi bá gbàdúrà nínú mọ́tò pé kí a má rí ìjà irin, awakọ̀ á dín eré rẹ̀ kù. Bí wọ́n bá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìyàwó rere, ẹ̀gbọ́n mi á yára mọ̀ pé èyí tí òun mú wálé kò wù wọ́n. A kì í pe aburú lórúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè bẹ Ọlọ́run pé kó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì fún Ọlọ́run ní àdírẹ́sì ibi tó ń gbà bọ̀. Mo lọ bá Kevin láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kó fún mi ní bí omi ṣe máa ga tó nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fẹ́ fi gbàdúrà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá kí òun fi ibi tí ìṣirò ti lè ṣìnà sí i. Mo ní àmín ló wà fún ìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Iléyá ti sún mọ́lé. Mo gbé fóònù lé orí bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ kí Màámi lè rí mi nínú fídíò. Ìta gbangba ni wọ́n wà, oòrùn sì wà lójú wọn.

"Màámi, ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ ṣàdúrà sí ilé náà."

Ojú wọn tú ká. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. "Ìyẹn ló dáa. Ó yá, mò ń gbọ́."

"Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ ọ parí."

"Àmín."

"Ẹ ó lò ó pẹ́."

"Àmín, ọmọ mi."

"Òjò tó máa ń pẹ́ kó tó rọ̀, tó bá wá dé tí kì í dá, kò ní ká yín mọ́nú ilé."

"Àmín."

"Odò Ògùn kò ní kúrò láyè rẹ̀ kó máa bọ̀ lápá ìsàlẹ̀, níbi tí bíríkìlà wọ̀n yẹn gan-an."

"Àmín."

"Kò ní gba ẹ̀yìnkùlé wọ kíṣìnì."

Àmín ìyẹn kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú.

"Bí ìjọba bá mú gbogbo ìlérí wọn ṣẹ, omi náà kò ní kọjá ọrùn ẹsẹ̀ yín. Bí wọ́n bá mú díẹ̀ ṣẹ, kò ní kọjá orúnkún. Bí wọn kò bá wá mú ìkankan ṣẹ, kò ní bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Dúró ná," ni Màámi wí. "Ìjọba wo ló wọnú àdúrà?"

Mo tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe àmín, Màámi. Ó kù díẹ̀."

"N ò ṣe."

Mo rò pé wọ́n tún fẹ́ pa fóònù. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé èjìká wọn ń mì, ẹ̀rín ni wọ́n ń gbé mì.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n ní. "Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi hewú. O wá rò pé n ò ní mọ̀ bí ẹnì kan bá ń kọ́ èmi náà?" Ẹ̀rín náà lọ. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Màámi. Mo ti wò ó títí. Ẹ̀rù ló ń bà mí nítorí yín."

"Níbo lo wá fẹ́ kí n gbé e sí?"

"Òkè. Orí àpáta."

Wọ́n yí ojú fóònù, mo sì rí i pé orí ilẹ̀ náà gan-an ni wọ́n dúró sí. Koríko ti ga. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ká okùn mọ́ èèkàn. Màámi lọ bá a, wọ́n jọ nawọ́ síhìn-ín, wọ́n nawọ́ sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Màámi padà wá.

"Bíríkìlà ní àyè òkè yẹn kéré. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ló máa gbà. Yàrá kan máa jáde."

"Mẹ́ta ò burú, Màámi. Kí lẹ fẹ́ fi mẹ́rin ṣe?"

"Ọ̀kan tèmi. Ọ̀kan ti àbúrò mi, òun náà ti ń darúgbó, ó fẹ́ kúrò n'Íbàdàn wá bá mi. Ọ̀kan ti ẹ̀gbọ́n rẹ àti ìyàwó ẹ̀ tí wọ́n bá wá láti Èkó."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Tìẹ ni."

N kò mọ̀. Wọn kò sọ ọ́ fún mi rí, èmi náà kò sì béèrè. Gbogbo ìgbà tí mo ń fi omi sínú ilé yẹn, tí mo ń fà á jáde, n kò rò pé ó kàn mí ju ọ̀rọ̀ Màámi lọ.

"2050 tó o máa ń wí yẹn," ni Màámi tún sọ, "èmi ò ní sí láyé." Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé ọjà ti tú. Mo ti fẹ́ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, wọ́n gbọ́wọ́ sókè. "Má dá mi dúró. Ta lo rò pé mò ń kọ́lé fún? Sọ fún mi kí ọkùnrin yìí lè mọ ibi tó máa kan èèkàn ẹ̀ sí. Ṣé kí n yọ yàrá rẹ àbí kí n fi sílẹ̀? Ṣé o máa wálé?"

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́, Màámi."

"Ọlọ́run fẹ́. Ìwọ ni mò ń bi."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà, ẹsẹ̀ ti ń kú mọ́ mi lábẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé kí n máa la ọ̀nà mẹ́ta kalẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo, kí n sì fi ẹni tó bá béèrè sílẹ̀ kó mú èyí tó bá wù ú. Màámi kò béèrè ọ̀nà mẹ́ta. Mo wo ojú wọn nínú oòrùn yẹn, mo sì mọ̀ pé mo fẹ́ yàrá náà.

"Ẹ yọ pálọ̀," ni mo ní.

"Kí lo wí?"

"Ẹ yọ pálọ̀ kúrò. Ẹ fi yàrá mi sílẹ̀."

"Ilé tí kò ní pálọ̀! Níbo ni àlejò á jókòó sí?"

"Nínú yàrá mi. Èmi náà á wà níbẹ̀, kí wọ́n wá jókòó tì mí."

Màámi wò mí títí. Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n kẹ́yìn sí mi, wọ́n sì lo ohùn tí wọ́n fi ń kó odindi ilé ìwé jọ láàárọ̀:

"Bíríkìlà! Máa gbé okùn rẹ bọ̀ lókè! Ọmọ mi ní ká yọ pálọ̀!"